Ojú Ló Fọ́, Ẹnu Ò Fọ́

Ọdún mẹ́sàn-án gbáko ni bàbá tó bí màmá mi fi wà láìríran kí wọ́n tó papò dà. Èmi ni mo máa ń mú wọn lọ́wọ́ lọ sí mọ́ṣáláṣí, torí èmi ni ọmọ ọmọ tó wà nílé. Ohun tí kò kúrò lọ́kàn mi láti ìgbà náà ni ti àwọn àlejò. Wọ́n á wọlé, wọ́n á kí Bàbá dáadáa, ṣùgbọ́n bí ìkíni bá ti parí báyìí, èmi ọmọ ọdún mọ́kànlá ni wọ́n máa kọjú sí. "Ṣé Bàbá ti jẹun?" "Ṣé wọ́n rí oorun sùn?" "Ṣé wọ́n ṣì ń lo oògùn yẹn?" Bàbá sì wà níbẹ̀ lórí àga wọn, rédíò lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, ìròyìn aago méje ṣì wà lẹ́nu wọn tí wọ́n ń wá ẹni bá jiyàn lé e lórí. Lọ́jọ́ kan ó sú wọn. Wọn ò pariwo. Wọ́n ní: "Ojú ló fọ́, ẹnu ò fọ́. Èmi ni kí o bi." Àlejò náà bẹ̀bẹ̀, ó rẹ́rìn-ín, ó sì tún wojú mi kó tó béèrè èyí tó kàn.

Ìwé kíkà wa nílé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ìtàn Helen Keller nínú. Kò ju ojú ìwé kan àti ààbọ̀ lọ. Ọmọdébìnrin òyìnbó kan wà tí kò ríran, tí kò gbọ́ràn. Olùkọ́ rẹ̀ fa omi sí i lọ́wọ́, ó kọ orúkọ omi sí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ọpọlọ ọmọ náà sì là. Ó parí. Tíṣà ní ká pàtẹ́wọ́, ó wá ní bí ẹni tí kò ríran tí kò gbọ́ràn bá lè mọ̀wé, kí ló ń ṣe ẹ̀yin olódo wọ̀nyí? Ohun tí wọ́n fi Helen Keller ṣe ní kíláàsì wa nìyẹn: pàṣán. Ọmọ ọdún méje ló wà nínú ìtàn yẹn. Ẹni ọdún 87 ló kú ní 1968. Ọgọ́rin ọdún ló sọnù, mo sì ti dàgbà gan-an kó tó wá sí mi lọ́kàn pé ó yẹ kí n wá a lọ.

Tuscumbia, ní ìpínlẹ̀ Alabama, ni wọ́n bí i sí ní ọjọ́ 27 oṣù kẹfà 1880. Ọmọ oṣù mọ́kàndínlógún ni nígbà tí ibà líle kan kọlù ú. Ibà náà lọ, ó mú ojú àti etí lọ. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ fún wa, inú òkùnkùn biribiri ni ọmọ yìí wà bí ẹranko títí olùkọ́ fi dé. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ó ti ní àmì tó tó ọgọ́ta tó ń fi ọwọ́ àti ara sọ. Bó bá fẹ́ búrẹ́dì, á ṣe bí ẹni ń gé e tó ń fi bọ́tà pa á. Bó bá jẹ́ áísìkiriímù ló wù ú, á yí ọwọ́ bí ẹni ń yí ẹ̀rọ rẹ̀, á wá gbọ̀n bí ẹni tí òtútù mú. Ẹni tó gbọ́ èdè yìí jù nínú ilé ni Martha Washington, ọmọ adúláwọ̀ tí ìyá rẹ̀ ń dáná fún àwọn Keller. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ ń po ìyẹ̀fun ní ilé ìdáná, tí wọ́n jọ ń wá ẹyin awó kiri inú koríko. Ìyá odi ní í gbọ́ èdè odi, Yorùbá ló wí bẹ́ẹ̀. Nílé Keller, ọmọ alásè ni. Orúkọ Martha ò sí nínú ìwé kíkà tiwa.

Anne Sullivan, olùkọ́ náà, dé ní ọjọ́ 3 oṣù kẹta 1887. Ẹni ogún ọdún ni. Àrùn tírákómà ti ba ojú tirẹ̀ náà jẹ́. Ilé àwọn aláìní ní Tewksbury ló ti dàgbà, ibẹ̀ ni àbúrò rẹ̀ ọkùnrin, Jimmie, kú sí, kó tó di pé ó rí ọ̀nà lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àwọn afọ́jú, Perkins, ní Boston. Oṣù kan lẹ́yìn tó dé Tuscumbia ni ti ẹ̀rọ omi ṣẹlẹ̀. Álífábẹ́ẹ̀tì ọwọ́ ni wọ́n ń lò: lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ní bí ìka ṣe ń tò fún un, ẹni tó ń sọ̀rọ̀ á tò ó sínú àtẹ́lẹwọ́ ẹni tó ń gbọ́, ọ̀kan tẹ̀lé èkejì, wàrà wàrà bí ẹni ń ta ayò. Mo ti dán an wò lórí ọwọ́ ara mi. Omi rọrùn, lẹ́tà mẹ́ta péré. Ṣùgbọ́n báwo ni èèyàn ṣe máa ya ọkọ, ọkọ̀, ọkọ́ àti ọ̀kọ̀ sọ́tọ̀ fún ẹni tó jẹ́ pé ọwọ́ nìkan ló fi ń gbọ́? Bó bá jẹ́ tèmi, máa fi dò sí ìsàlẹ̀ àtẹ́lẹwọ́, kí re wà láàárín, kí mí wà níbi tí ìka ti yọ. Ẹ má dá mi lóhùn, ẹ jẹ́ ká máa lọ.

Ibi tó dùn mí jù nínú gbogbo ìtàn yìí ni 1892, ìwé kíkà ò sì dé ibẹ̀ rárá. Ní ìparí 1891, Helen ọmọ ọdún mọ́kànlá kọ ìtàn kan nípa ọba yìnyín, bí ewé igi ṣe di aláwọ̀ mèremère kí ìgbà òtútù tó wọlé. Ó fi ránṣẹ́ sí Michael Anagnos, ọ̀gá Perkins, láti fi bá a yọ ayọ̀ ọjọ́ ìbí. Inú Anagnos dùn, ó tẹ̀ ẹ́ jáde. Kò pẹ́ sí i ni wọ́n rí i pé ó jọ ìtàn tí obìnrin kan, Margaret Canby, ti kọ tipẹ́, ó jọ ọ́ débi pé gbólóhùn míì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀. Wọ́n bi Helen. Kò rántí pé òun gbọ́ ọ rí. Nígbà tí wọ́n wádìí, ó hàn pé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn 1888, ní Brewster létí òkun, wọ́n ti ka ìwé Canby sí i lọ́wọ́ nílé ẹni tó gbà wọ́n lálejò. Ọdún kan péré ni ọmọ náà tíì ní ọ̀rọ̀ lẹ́nu nígbà yẹn. Ìtàn náà rì sínú rẹ̀, orúkọ ẹni tó ni ín sì ṣàn lọ.

Perkins gbé ìgbìmọ̀ ẹni mẹ́jọ kalẹ̀, mẹ́rin ríran, mẹ́rin ò ríran. Wọ́n ní kí Anne bọ́ síta. Wákàtí méjì ni wọ́n fi bi ọmọ náà lọ́rọ̀ wò. Nígbà tí wọ́n dìbò, mẹ́rin ní ó jẹ̀bi, mẹ́rin ní kò jẹ̀bi, Anagnos fi ìbò tirẹ̀ gbà á sílẹ̀. Lẹ́yìn náà ó yí ohùn padà, ó kọ ẹ̀yìn sí i. Láti ọjọ́ yẹn, Helen lè máa kọ lẹ́tà sí ìyá rẹ̀ kí ẹ̀rù bà á lójijì: ṣé tèmi lèyí báyìí, àbí mo kà á níbì kan? Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ nígbà tó dàgbà pé òun ò tún fi ọ̀rọ̀ ṣeré mọ́ fún ìgbádùn lásán.

Mo ro eléyìí títí, torí ọmọ Yorùbá ni mí. Bí mo bá fẹ́ pa òwe níwájú àgbà, màá ní tótó, ó ṣe bí òwe, àgbà á ní wàá rí òmíràn pa. Ohun tí mò ń sọ ni pé ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tèmi, mo yá a, ẹ yọ̀ǹda. Ta ló sọ̀rọ̀ kan rí nínú wa tí kì í ṣe pé ẹnì kan ló kọ́kọ́ sọ ọ́ sí i létí? Àwa tí à ń gbọ́ràn gbàgbé ibi tí a ti gbọ́ ọ, a sì ń pè é ní làákàyè ara wa. Ti ọmọ yìí nìkan ni wọ́n pe ìgbìmọ̀ lé lórí, torí gbogbo ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ fi ń wọlé sí i ló ní ẹlẹ́rìí. Mark Twain, òǹkọ̀wé Amẹ́ríkà tó di ọ̀rẹ́ rẹ̀, kọ lẹ́tà sí i ní 1903, ó bú àwọn ìgbìmọ̀ náà bí ẹní láyin. Lójú tirẹ̀, èrò tí kì í ṣe àlòkù kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí láyé.

Helen wọ Radcliffe, kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn obìnrin kan, ní 1900, Anne jókòó tì í ní gbogbo kíláàsì tó ń sọ ọ̀rọ̀ olùkọ́ sí i lọ́wọ́, ó sì gboyè jáde ní 1904, ẹni àkọ́kọ́ tí kò ríran tí kò sì gbọ́ràn tó máa gba irú oyè yìí. Ó ti kọ ìtàn ìgbésí ayé rẹ̀ jáde lọ́dún kan ṣáájú. Lẹ́yìn ìyẹn ló wá ku ohun tó fẹ́ sọ gan-an. Nínú ọ̀rọ̀ ìṣáájú ìwé tó kọ ní 1908, ó ráhùn pé àwọn olóòtú ò fẹ́ gbọ́ èrò òun nípa owó ibodè tàbí ohunkóhun tó ń lọ láyé. Nípa ara òun nìkan ni wọ́n ní kí òun máa sọ.

Mo ti ń sọ "ó" bọ̀ láti òkè. Nígbà tó jẹ́ ọ̀rọ̀ ọmọdé, kò burú. Ṣùgbọ́n obìnrin tó kọ ìwé yẹn ti pé ọdún 28, ó sì fi ọjọ́ orí ju ìyá ìyá mi lọ dáadáa. Bó bá jẹ́ àdúgbò wa ni, ẹ ò ní jẹ́ kí n mú un jẹ. Láti ibí lọ, wọ́n ni.

Ohun tí Omidan Keller bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè ni ohun tó ń fọ́ àwọn èèyàn lójú. Ọ̀pọ̀ ọmọ tuntun ló ń fọ́jú nígbà náà nítorí àtọ̀sí tó wà lára ìyá, ẹ̀kán oògùn silver nitrate kan lójú ọmọ lọ́jọ́ ìbí ì bá sì ti dá a dúró. Ṣùgbọ́n àrùn ìtìjú ni, kò sí ìwé ìròyìn ọmọlúàbí tó fẹ́ dárúkọ rẹ̀. Wọ́n dárúkọ rẹ̀, nínú ìwé ìròyìn àwọn ìyàwó ilé pàápàá. Bí wọ́n ṣe ń wá a lọ, wọ́n rí i pé òṣì ló wà ní ìdí púpọ̀ nínú rẹ̀: ilé tó há jù, ilé iṣẹ́ tí ẹ̀rọ rẹ̀ ò ní ìdáàbòbò, ọ̀gá tó mọ iye tí ojú òṣìṣẹ́ ń tà. Wọ́n wọ ẹgbẹ́ òṣèlú Sósíálíìsì, àwọn tó fẹ́ kí ilé iṣẹ́ di ti gbogbo ará ìlú, ní 1909. Ìwé ìròyìn àwọn sósíálíìsì Jámánì ń wọlé fún wọn ní braille, ìkọ̀wé àwọn afọ́jú tí àmì rẹ̀ yọ sókè, ìka wọn ni wọ́n fi ń kà á.

Olóòtú ìwé ìròyìn Brooklyn Eagle, tó ti yìn wọ́n tẹ́lẹ̀, kọ ọ́ pé àṣìṣe ìṣèlú wọn kò ṣẹ̀yìn ohun tí ara wọn kò pé. Bí afọ́jú bá ní òun máa sọ òkò, ẹ yáa mọ̀ pé ó ti fẹsẹ̀ tẹ ọ̀kan. Ní 1912, Omidan Keller dá a lóhùn nínú ìwé ìròyìn mìíràn. Wọ́n ní àwọn pàdé ọkùnrin yìí rí, ó yin àwọn débi pé ojú ń ti àwọn. Nísinsìnyí tí àwọn wá dara pọ̀ mọ́ sósíálíìsì, ó ń rán àwọn aráàlú létí pé afọ́jú ni àwọn, adití ni àwọn. Ó ní láti jẹ́ pé ọpọlọ àwọn ti súnkì láti ọjọ́ tí àwọn ti pàdé. Wọ́n wá sọ òkò náà: ìwé ìròyìn yẹn gan-an ni afọ́jú, òun ni adití, sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láwùjọ. Ìgbà tí mo kà á, Bàbá ni mo rántí, pẹ̀lú rédíò wọn.

Ti Andrew Carnegie tilẹ̀ tún wá. Olówó yìí fẹ́ máa fún wọn lówó lọ́dọọdún, wọ́n kọ̀ ọ́. Nígbà tó gbọ́ pé sósíálíìsì ni wọ́n, ó ní òun máa gbé wọn dọ̀bálẹ̀ lórí itan òun, òun á sì nà wọ́n nídìí. Ẹni tó ti lé ní ọgbọ̀n ọdún! Ní 1913, Anne ṣàìsàn lójijì nígbà tí àwọn méjèèjì wà lẹ́nu ìrìn àjò ní ìpínlẹ̀ Maine, ẹni tí kò gbọ́ràn ò sì lè tẹ ẹnikẹ́ni láago. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kọ̀wé sí Carnegie pé àwọn gba owó náà. Tẹ̀rín-tẹ̀rín ni wọ́n fi sọ ìtàn nínà yẹn nínú ìwé wọn ní 1929. Èmi ò rẹ́rìn-ín.

Ibì kan wà tí mo ti bá wọn jà. Ní 1915, dókítà kan ní Chicago, Haiselden, kọ̀ láti ṣe iṣẹ́ abẹ fún ọmọ tuntun kan tí ara rẹ̀ ò pé, ó jẹ́ kó kú. Omidan Keller kọ̀wé gbè é lẹ́yìn. Wọ́n ní kí wọ́n máa gbé ìgbìmọ̀ dókítà kalẹ̀ láti pinnu irú ọmọ wo ni kó yè. Ìgbìmọ̀! Ẹni tí wọ́n ti ti ilẹ̀kùn mọ́ níwájú ẹni mẹ́jọ lọ́mọ ọdún méjìlá kò tíì pé. Àwọn kan máa ń ní ìgbà ló fa á, èrò tó gbòde nìyẹn. Kò tẹ́ mi lọ́rùn. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, ẹni kan náà fi ọgọ́rùn-ún dọ́là ránṣẹ́ sí NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún àwọn adúláwọ̀, pẹ̀lú lẹ́tà tó mú ojú ti àwọn ẹbí wọn ní Alabama, ọmọ bàbá tó jẹ́ kápútéènì nínú ogun àwọn tó fẹ́ kí ẹrú ṣì wà. Èmi tí mo dàgbà láàárín àwọn tó ń pe abuké àti àfín ní ẹni òrìṣà láàárọ̀, tí wọ́n sì ń fi wọ́n ṣẹ̀sín lọ́jà lálẹ́, mo mọ̀ pé ikùn èèyàn kan ṣoṣo lè gba nǹkan méjèèjì.

Ọdún 1916 yẹn náà ni ti Peter Fagan. Wọ́n ti pé 36. Ara Anne ò yá, Fagan, ẹni ọdún 29, ló ń bá wọn ṣe akọ̀wé. Ó kọ́ álífábẹ́ẹ̀tì ọwọ́, ó ń sọ ìròyìn ayé sí wọn lọ́wọ́, títí ó fi sọ ọ̀rọ̀ mìíràn síbẹ̀. Àwọn méjèèjì gbìyànjú àtigba ìwé àṣẹ ìgbéyàwó ní Boston láìsọ fún ẹnikẹ́ni, ìwé ìròyìn sì gbé e. Inú bí màmá wọn. Ó kó wọn lọ sílé àbúrò wọn Mildred ní Montgomery. Fagan tọpa wọn débẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ sí wọn lọ́wọ́ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ nígbà tí ọkọ Mildred yọ ìbọn sí i. Lóru ọjọ́ kan lẹ́yìn ìyẹn, Mildred gbúròó ẹnì kan níta, ó jáde, ó bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan náà, báàgì ti wà ní dídì. Fagan ò wá.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn kì í kúrò lọ́kàn mi. Ẹni tó bá ń retí ẹlòmíì lóru, etí ló fi ń ṣọ́nà, bí kò bá jẹ́ etí, á jẹ́ ojú. Ohun tí Omidan Keller ní kò ju pákó ilẹ̀ lọ, bóyá ó máa mì lábẹ́ ẹsẹ̀ ẹni tó ń bọ̀. Kò sí ẹni tó bi wọ́n nínú ilé yẹn pé kí lẹ fẹ́. Àwọn tó fẹ́ràn wọn jù lọ ni wọ́n o, kì í ṣe ọ̀tá.

Ìyókù gùn, ẹ jẹ́ kí n yára. Wọ́n wà lára àwọn tó dá ACLU, ẹgbẹ́ tó ń gbèjà ẹ̀tọ́ ará ìlú ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ ní 1920. Owó tán, wọ́n lọ ń ṣe eré orí ìtàgé fún bí ọdún mẹ́rin, ogún ìṣẹ́jú níwájú èrò, Anne lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn èrò á béèrè ìbéèrè. Ẹnì kan béèrè bóyá wọ́n máa ń pa ojú dé tí wọ́n bá ń sùn, wọ́n ní àwọn ò tíì wà lójúfò rí láti wò ó. Òmíràn béèrè nípa Ààrẹ Harding, wọ́n ní ọ̀rọ̀ rẹ̀ yé àwọn, ó dà bíi pé afọ́jú bíi tàwọn ni. Láti 1924 ni wọ́n ti ń bá àjọ àwọn afọ́jú Amẹ́ríkà ṣiṣẹ́, wọ́n ń wá owó kiri, wọ́n ń já a mọ́ àwọn aṣòfin lára pé kí ìjọba náwó sórí ìwé tí afọ́jú lè kà. Ní 1933, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Nazi dáná sun ìwé Omidan Keller ní Jámánì, Omidan Keller sì kọ lẹ́tà gbangba sí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà. Wọ́n lọ sí Japan ní 1937, wọ́n padà lọ ní 1948, wọ́n dé Hiroshima àti Nagasaki, wọ́n fi ọwọ́ kan ojú ẹni tí iná bọ́ǹbù jó. Anne ti kú ní 1936, Polly Thomson, akọ̀wé wọn, ló gba ọwọ́ náà, òun náà kú ní 1960.

Orúkọ wọn dé ọ̀dọ̀ wa. Helen Keller International, àjọ tí wọ́n bá dá sílẹ̀ ní 1915 nítorí àwọn sójà tí ogun fọ́ lójú, ń ṣiṣẹ́ ní Nàìjíríà, ó ń ṣèrànwọ́ láti pín fítámì A fún àwọn ọmọdé. Òfin wà pẹ̀lú: oṣù kìn-ín-ní 2019 ni Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí èyí tó ka ìyàsọ́tọ̀ sí àwọn àkàndá ẹ̀dá léèwọ̀, ó sì fún àwọn ilé tí gbogbo ayé ń wọ̀ ní ọdún márùn-ún láti tún ọ̀nà wọn ṣe. Ó ti pé. Láìpẹ́ yìí mo sin ọ̀rẹ́ mi kan tí kò ríran lọ sí báńkì kan. Ọmọbìnrin tó wà lórí àga wo ojú mi, ó ní, "Ṣé wọ́n lè sáìn?" Mo panu mọ́. Ọ̀rẹ́ mi rọra fi ọ̀pá rẹ̀ gbá tábìlì lẹ́ẹ̀kan. Ó pẹ́ díẹ̀ kí ọmọbìnrin náà tó mọ ẹni tó yẹ kó wò.

Ère Omidan Keller wà ní ilé aṣòfin ní Washington láti 2009. Alabama ló gbé e lọ síbẹ̀. Ọmọ ọdún méje ni wọ́n ya, ó dúró ti ẹ̀rọ omi. Nílùú yẹn kan náà, ní Katidíra ńlá tó wà lórí òkè, ni eérú ara wọn wà pẹ̀lú ti Anne àti Polly. Àwo irin pẹlẹbẹ kan wà lára ògiri níbẹ̀, orúkọ wọn wà lára rẹ̀, braille sì wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹ lè fi ọwọ́ kàn án.